Bí A Ṣe Ń Yan Ọta Ráífù fún Àgbọ̀nrín, àti Bí A Ṣe Ń Ki Kátíríìjì Rẹ̀ Nílé

Ìbọn rírà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣọdẹ ní Texas. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á ti sọ fún un pé kó ra ráífù .308 tàbí .270, á sì rà á. Wàhálà dé lọ́jọ́ tó bá lọ ra ọta. Ó dé iwájú ògiri ilé ìtajà, ó rí páálí lóríṣiríṣi, gbogbo wọn ló wọ ìbọn rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ya àgbọ̀nrín oníwo gbàgà-gbàgà sára. Ọ̀pọ̀ á kàn gbé èyí tó wọ́n jù, wọ́n á ní ohun tó dára ló ń wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ ọta, kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti rí ọta olówó gegere tó la àárín ẹran kọjá láìfẹ̀ rárá, tí ti olówó pọ́ọ́kú sì da ẹran bíi tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà ni mò ń sọ níbí, kì í ṣe ti igbó ilé wa tí àwọn ọdẹ ń fi ṣakabùlà pa. Ọdẹ tiwa á sún mọ́ ẹran, ìbọn rẹ̀ á sì tu ọta púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọta kan ṣoṣo ni ráífù ń yìn, ẹran sì lè wà ní 200 yáàdì. Ìyẹn ni pé ọta kan yẹn ló máa dá gbogbo iṣẹ́ ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òfin

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ìwé òfin ọdẹ ọdún tí ẹ wà nínú rẹ̀ sì ni kí ẹ kà, kì í ṣe ti èṣí. Texas kò gba ọta .22 kékeré nì fún àgbọ̀nrín onírù funfun. Colorado ní fífẹ̀ ọta gbọ́dọ̀ tó .24 ínǹṣì ó kéré tán, kó jẹ́ irú tó ń fẹ̀ nínú ẹran, kó má sì fúyẹ́ ju 70 gíréènì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọta) lọ. Ohio kò gba ráífù tí kátíríìjì rẹ̀ (ìkarahun idẹ tó gba ẹ̀tù àti ọta sínú) fún lọ́rùn bíi .308, èyí tó gún régé láti ìdí dé ẹnu ni wọ́n fẹ́. California ti fòfin de òjé nínú gbogbo ọta ọdẹ láti July 1, 2019, nítorí igún ńlá tí wọ́n ń pè ní condor, tó ń jẹ ìfun tí ọdẹ bá jù sígbó, tí òjé inú rẹ̀ sì ń pa á.

Èyí tó kan àwa àlejò jù ni ti físà. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ọmọ ilé-ìwé, ti iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ìdènà yìí kò kan ẹni tó ní gíríìn káàdì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá tíì dájú, kó bi lọ́yà kó tó fọwọ́ kan páálí ọta. Ní ti kíkì nílé, òfin ìjọba àpapọ̀ kò dí ẹni tó ń ki kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀ lọ́wọ́; bó bá ti di títà, ó di ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Ẹ má mú àṣà yìí lọ sí Nàìjíríà o. Òfin ìbọn ibẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣe ọta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi tí ẹ máa jókòó sí

Kí ẹ tó wo ọta kankan, ẹ bi ara yín pé: níbi tí mo máa lúgọ sí, báwo ni ẹran ṣe máa jìnnà sí mi tó? Ní àgbègbè Hill Country ní Texas, níbi tí òfin ti gba kí a da àgbàdo sílẹ̀ fún ẹran, ibùba kì í sábà jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń fọ́n àgbàdo ju 100 yáàdì lọ. Nínú igbó kìjikìji Pennsylvania tàbí Michigan, ó lè má tó 60. Lórí pápá gbalasa ìwọ̀ oòrùn Texas tàbí Kansas, ó lè di 300.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rèé: ọta kì í mọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, iyára tó fi bá ẹran ló mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú .308 Winchester, ọta olójé 150 gíréènì tó wọ́pọ̀. Bó ti ń jáde lẹ́nu ìbọn, ó ń sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 100 yáàdì, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 2,500. Ní 200, bí 2,250. Ní 300, ó ku bí 2,000. Ọ̀pọ̀ ọta olójé ṣì ń fẹ̀ dáadáa bí iyára wọn bá ju 1,800 lọ. Ọ̀pọ̀ ọta tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ ń fẹ́ bí 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ṣírò ó: ní 300 yáàdì, èyí tó lójé nínú ṣì ní àyè, ti bàbà ti wà létí bèbè.

Iyára àpọ̀jù náà léwu. .300 Winchester Magnum lè rán ọta 150 gíréènì jáde ní ohun tó ju 3,200 lọ. Bí ọta náà bá rọ̀, tí ẹran sì wà ní 40 yáàdì, ó lè fọ́ yángá lára egungun èjìká, kó ba apá ẹran jẹ́, kó má sì dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, ẹ kọ nǹkan méjì sílẹ̀: ibi tó sún mọ́ jù tí ẹ lè yìnbọn, àti ibi tó jìnnà jù tí ọwọ́ yín dá lójú. Ọta tó bá lè ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì lẹ ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo inú ọta

Ọta tó wọ́pọ̀ jù ni òjé tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí wọ́n wá fi ṣóńṣó orí rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, tàbí tí wọ́n fi ike ṣóńṣó dé e. Bó bá ti kan ẹran, orí yẹn á tẹ̀, á fẹ̀, á sì fa awọ bàbà ya sẹ́yìn. Èyí tó fẹ̀ ní .308 ínǹṣì nígbà tó wọlé lè fẹ̀ tó ìlọ́po méjì kó tó jáde. Fífẹ̀ yìí ló ń la ọ̀nà ńlá gba inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yára dà. Core-Lokt tí ilé iṣẹ́ Remington gbé jáde ní 1939 wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni InterLock ti Hornady àti GameKing ti Sierra. Fún àgbọ̀nrín onírù funfun, láti inú .270, .308 tàbí .30-06, láàárín 50 sí 250 yáàdì, èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ná owó ju ti irú èyí lọ. Ara àgbọ̀nrín yìí kò nípọn, egungun ìhà rẹ̀ kò le. Ọta tí wọ́n ṣe fún ẹran ńláńlá lè kọjá lára rẹ̀ kó tó ráyè fẹ̀.

Àwọn ọta líle wá láti inú ìdààmú ẹlòmíràn. Ní 1946, John Nosler lọ ṣọdẹ moose ní British Columbia ní Kánádà. Moose jẹ́ ìbátan àgbọ̀nrín, àmọ́ ó lè tóbi ju ẹṣin lọ. Ọta rẹ̀, tó ń sáré púpọ̀, fọ́ sára ẹran náà, kò wọnú. Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọta tó ní yàrá òjé méjì, tí ògiri bàbà sì là wọ́n láàárín: iwájú á fẹ̀, ẹ̀yìn á dúró digbí, á máa ti ọta lọ síwájú. Partition ló pè é, ó ń tà á láti 1948, wọ́n ṣì ń tà á dòní. Bí ẹ bá fi ayùn la ọ̀kan ní gbọọrọ, ẹ máa rí ògiri náà kedere. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tí òjé inú wọn lẹ̀ mọ́ awọ bàbà pinpin dé, bíi AccuBond, àti àwọn tí kò ní òjé rárá, èyí tí ilé iṣẹ́ Barnes sọ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹni tó ń fi mágínọ́ọ̀mù (bíi .300 Winchester Magnum yẹn) yìnbọn nítòsí, tàbí tí ọta ìbọn rẹ̀ kéré bíi ti .243, ló jẹ àǹfààní irú wọn jù.

Oríṣi mẹ́ta ló wà tí kò yẹ kó dé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀nrín. Èkíní ni ti ológun, tí bàbà bo orí àti ara rẹ̀: ó ń kọjá lára ẹran bí abẹ́rẹ́ tó gba inú aṣọ, ẹran á sá lọ, á lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún ẹran ńlá. Èkejì ni ti àwọn eléré ìbọn. Ihò kékeré wà lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé ihò náà ló máa jẹ́ kó fẹ̀. Ó kàn ṣẹ́ kù síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni. Sierra fúnra wọn kò dámọ̀ràn MatchKing, ọta eléré tiwọn, fún ọdẹ. Ẹ̀kẹta ni ti ẹranko kéékèèké, bíi V-Max, tí wọ́n dìídì ṣe kó fọ́ bó bá ti kan nǹkan. Lára àgbọ̀nrín, ojú ọgbẹ́ lásán ló ń dá sí awọ.

Ẹni tó ń ki kátíríìjì nílé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tó ń rà lọ. .30-30, .308, .30-06 àti .300 Winchester Magnum, ọta .308 ínǹṣì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Àmọ́ wọ́n ṣe ọta olórí pẹrẹsẹ ti .30-30 kó rọ̀, nítorí iyára rẹ̀ kì í sábà ju bí 2,000 lọ mọ́ ní 100 yáàdì. Bí ẹ bá fi ọta rírọ̀ yẹn sínú mágínọ́ọ̀mù, ó wọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n kò ní dúró lára ẹran. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ iyára tí wọ́n ṣe ọta náà fún síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwọ̀n

Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta, 7,000 rẹ̀ ló pé páùn kan. Ọta 150 gíréènì kò sì wúwo tó gíráàmù 10. Fún àgbọ̀nrín, àárín gbùngbùn ló dára: 90 sí 100 fún .243, 120 sí 143 fún 6.5 Creedmoor, 130 sí 150 fún .270, 150 sí 165 fún .308 àti .30-06. Bó bá jẹ́ ti bàbà lẹ fẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. 130 ti bàbà nínú .308 ń ṣe iṣẹ́ 150 olójé, nítorí kì í pàdánù ara rẹ̀ nínú ẹran, iyára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ìbọn yín gbà

Inú ọ̀pá ráífù ní ilà tó lọ́ yíká, òun ló ń mú ọta yípo kó lè dúró gangan lójú afẹ́fẹ́. Ọta tó gùn ń fẹ́ kí ilà náà lọ́ kíákíá. Bàbà kò wúwo tó òjé, nítorí náà ọta bàbà máa ń gùn ju olójé tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba lọ. Bí ọta bá ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ìwé tí ẹ ń yìn, tí ihò ara rẹ̀ rí gbọọrọ dípò róbótó, kò bá ọ̀pá yẹn mu. Ẹ pa á tì.

Àwọn ìbọn alọ́wọ́-ìfà bíi .30-30 tí wọ́n ń to kátíríìjì tẹ̀ léra nínú ọ̀pá abẹ́ wọn kò gbọdọ̀ gba ọta onígun ṣóńṣó líle. Orí ọ̀kan ló ń kọjú sí práímà èkejì (ohun kékeré ìdí kátíríìjì tó ń tan ẹ̀tù), bí ìbọn bá sì fò sẹ́yìn, ọ̀kan lè yìn nínú ọ̀pá. Ẹ lo olórí pẹrẹsẹ, tàbí ti Hornady tí ṣóńṣó rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, LEVERevolution.

Òjé àbí bàbà?

Èyí kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń jà lé e lórí. Ọta olójé máa ń já wẹ́wẹ́ nínú ẹran, ẹ̀rún rẹ̀ sì máa ń jìnnà sí ojú ọgbẹ́ ju bí ojú ṣe lè rí i lọ. Ní 2008, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera North Dakota ní kí àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní kó ẹran àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ fi tọrẹ dànù, nígbà tí fọ́tò inú ara fi ẹ̀rún òjé hàn nínú rẹ̀. Òjé kò dára fún ọmọdé àti aláboyún rárá. Bí ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà nílé, bàbà ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn, kódà bó bá wọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá lo olójé, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù láìṣahun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Dallas kò fẹ́ gbọ́ nípa iyára. Bóyá apá méjèèjì pé ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Mo ti sọ fún un pé ká tìtorí ọbẹ̀ gé díẹ̀ sọnù.

Kíkì nílé: ìwé ìtọ́sọ́nà ni olórí

Ẹ ra ìwé ìtọ́sọ́nà ilé iṣẹ́ tó ṣe ọta yín. Hornady, Nosler àti Sierra ní tiwọn. Ẹ wá orúkọ ọta náà gan-an àti ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má lo iye ẹ̀tù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ má sì lo ti ọta olójé fún ti bàbà. Bàbà gùn, ó ń gba àyè ẹ̀tù nínú ìkarahun. Ó le, ó ń tako ọ̀pá ìbọn. Agbára ìtìjáde lè ga ju ohun tí ìbọn lè gbà lọ. Ìwé náà á fi iye ẹ̀tù ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tó pọ̀ jù hàn yín. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí tábìlì, ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí ẹ ò lò, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ kí ẹ tó ṣí òmíràn, nítorí ojú lásán kò lè dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ yàtọ̀. Kò sí sìgá, kò sí ọtí, kò sí tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù. Ẹ wọ gíláàsì ojú.

Ẹ yẹ ìkarahun idẹ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò gbọdọ̀ lo èyí tó ti sán lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni ìlà dídán tó yí i ká nítòsí ìdí: ó fẹ́ já sí méjì nìyẹn. Ẹ tẹ orí wáyà kékeré, ẹ kì í wọnú rẹ̀, ẹ fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ lára ògiri inú. Bó bá kọ́ sí kòtò kan nítòsí ìdí, ẹ sọ ìkarahun náà nù. Àwọn tó kù, ẹ fi òróró wọn pa wọ́n, kí ẹ sì fi dáì dá wọn padà sí ìwọ̀n. Ẹ wá fi kálípà wọn gígùn wọn. Ti .308 kò gbọdọ̀ ju 2.015 ínǹṣì lọ. Ẹ gé èyí tó bá lé, kí ẹ sì nu òróró kúrò.

Ẹ fi práímà tuntun sí i. Ẹ fi ìka yín kan ìdí ìkarahun: práímà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kó rì díẹ̀, kó má yọrí. Ẹ wá wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n, ẹ dà á sínú, kí ẹ to gbogbo wọn sórí pátákó oníhò. Kí ọta kankan tó wọ ẹnu ìkarahun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn ní ìlà ìlà. Ẹ̀tù inú wọn gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Èyí tó ṣófo máa jẹ́ kí ọta há sínú ọ̀pá. Èyí tó gba ìlọ́po méjì lè fọ́ ìbọn mọ́ yín lójú. Èmi kì í fo tọ́ọ̀ṣì yìí rárá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi ọta sí i. Gígùn gbogbo kátíríìjì .308 kò gbọdọ̀ ju 2.810 ínǹṣì lọ, bí ìwé yín kò bá sọ ohun mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí orí ọta gún mọ́ ilà inú ọ̀pá. Ti bàbà gan-an fẹ́ràn àlàfo, nǹkan bí .050 ínǹṣì. Ẹ to wọ́n sínú mágasíìnì, kí ẹ rí i pé wọ́n wọlé, wọ́n sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Pápá ìyìnbọn ni kí ẹ ti ṣe èyí, kí ẹnu ìbọn kọjú sí òkìtì. Ẹ má dán an wò nílé. Ẹ kọ orúkọ ọta, ẹ̀tù, iye rẹ̀ àti ọjọ́ sára páálí.

Ní pápá ìyìnbọn

Ẹ yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ìkarahun tó bá jáde. Bí práímà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bí àmì dídán bá hàn ní ìdí idẹ, tàbí bí bóòlùtù (irin tí a fi ń ṣí ìbọn tí a sì fi ń tì í) bá le láti gbé sókè, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má yin èyí tó kù, kódà bí iye ẹ̀tù náà kò bá tíì dé òpin tó wà nínú ìwé. Ẹ tú u ká nílé.

Àwọn kan á fi oṣù mẹ́ta wá bí ihò mẹ́ta ṣe máa lẹ̀ mọ́ra lójú kan ní 100 yáàdì. Fún àgbọ̀nrín, àṣejù ni. Ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà fẹ̀ tó ínǹṣì 8. Ìbọn tó bá ń kó ọta rẹ̀ sínú ínǹṣì kan ààbọ̀ ti tó. Àkókò tó kù, ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń yin ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tútù, ní ìjókòó bíi ti inú ibùba, nítorí òun nìkan ni ẹran máa ń dúró gbà. Ẹ tọ́ ojú ìbọn kó máa bà ní bí ínǹṣì kan ààbọ̀ sókè ní 100 yáàdì, .308 á sì wà nítòsí àmì ní 200. Ní ti ibi tí ẹ máa dojú kọ, ẹ̀yìn èjìká ni, ní ìdá mẹ́ta ara láti ìsàlẹ̀. Kò sí ọta tó lè tún ìbọn tó bà ní ìfun ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹran bá ṣubú

Nígbà tí ẹ bá ń kun ẹran, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀nà tí ọta gbà. Ẹ wo ihò tó gbà wọlé, ẹ̀dọ̀fóró, àti ihò tó gbà jáde. Bí ẹ bá rí ọta náà lábẹ́ awọ òdìkejì, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ẹ̀tù. Olójé lásán lè ti pàdánù ìdá mẹ́ta ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti bàbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bí ihò àbájáde bá kéré bíi ti àbáwọlé, tí ẹran sì sá jìnnà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ kíún, ọta yẹn le jù fún iyára tí ẹ fi yìn ín: ẹ mú èyí tó rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ mú èyí tó fúyẹ́ kó lè yára sí i. Bí èjìká bá kún fún ẹ̀jẹ̀ dúdú, tí ọta sì fọ́ kó tó dé inú, ẹ mú èyí tó le tàbí èyí tó wúwo. Bí ó bá sì wọlé, tó jáde, tí ẹran kò rìn jìnnà, ẹ padà lọ ra páálí irú rẹ̀ mìíràn kí ilé ìtajà tó tà á tán.